Àmì Dúdú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi

Ọkùnrin tó máa ń gé irun mi ní Ẹ̀gbẹ́dá ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti gé e tán, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá irun kúrò lọ́rùn mi, ló bá dáwọ́ dúró. Ó fi àtàǹpàkò nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì, ó nu ti ọ̀tún, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ojú mi dáadáa.

“Ọ̀gá, mo rò pé èédú ni,” ó ní. “Àmọ́ kò kúrò.”

Ó gbé jígí lé mi lọ́wọ́. Ohun tí mo rí dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ èéfín kan ojú, tó sì gbàgbé láti nù ún. Ó wà lórí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, díẹ̀ sì tẹ́ sí iwájú orí. Mo fi itọ́ sí ìka, mo fi pa á. Mo fi aṣọ ìnujú pa á. Àwọn tó ń dúró de ìgbà tiwọn ń wò mí. Mo ní oòrùn ni, pé orí pápá ni mo ti ń bọ̀, mo sì dìde. Àmọ́ kí n tó délé, mo ti wo ojú mi nínú gíláàsì ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ti wò ó nínú ilẹ̀kùn ilé ìfowópamọ́, mo sì ti wò ó nínú fóònù mi, tí mo ń ṣe bí ẹni tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́.

Olùkọ́ ni mí. Eré ìdárayá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní agbègbè Ìgàndó. Bí àwọn olùkọ́ yòókù bá wà nínú kíláàsì lábẹ́ fáànù, èmi a wà lórí pápá oníyanrìn, fèrè lẹ́nu, oòrùn lórí. Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, oòrùn ò sì fi mí ṣe nǹkan kan rí, bí mo ṣe rò nìyẹn. Dúdú ni mí láti ilẹ̀, dúdú tó ń dán, tí ìyàwó mi máa ń sọ pé àwọ̀ náà ló wọ òun lójú nígbà tí a kọ́kọ́ pàdé. Mo ti lé lógójì ọdún. Kò yẹ kí ojú mi tún máa dà mí láàmú bí ẹni pé mo jẹ́ ọmọge tó ń lọ sílé ọkọ. Àmọ́ ó ń dà mí láàmú.

Láàárín oṣù díẹ̀, àmì náà ki sí i, etí rẹ̀ sì hàn gedegbe, bí etíkun nínú àwòrán ilẹ̀ ayé. Èmi kọ́ ni mo fi í wé bẹ́ẹ̀. Mo ń kọjá lẹ́yìn ilé ìtọ̀ àwọn ọmọkùnrin lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ nínú lọ́hùn-ún pé, “Ẹ yára, Máàpù ń bọ̀.” Mo dúró. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Èmi nìkan ni. Mo yí padà, mo gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ọ́fíìsì. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè dúró lójú kan bí ẹnikẹ́ni bá ń wò mí. Bí mo bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, n óò máa yí ọrùn, n óò máa fi ọwọ́ nu ojú, n óò máa wá ibi tí ibòòji wà.

Mo pe ìyá mi ní Èkìtì. Kò jẹ́ kí n ṣe àlàyé tán.

“Osùn ni,” ó ní. “Máa fi osùn pa á láàárọ̀, kí o fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.”

Ó fi osùn náà rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó, odidi òkìtì kan tí wọ́n fi ewé wé. Ìyàwó mi bá mi nílé ìwẹ̀ ní kùtùkùtù, ojú mi pupa fòò.

“Dádì wa,” ó ní, “ṣé ẹ fẹ́ gbéyàwó ni, àbí àwọn ẹbí ọkọ ń bọ̀ wá gbé yín?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò sọ fún un pé wọ́n ń pè mí ní Máàpù. Osùn náà kò ṣe mí níbi. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló ṣe mí léṣe. Mò ń kánjú, mo rò pé bí omi rẹ̀ bá pẹ́ lójú mi ni yóò ṣiṣẹ́ jù, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ lójú jáde lọ sórí pápá. Nígbà tí oòrùn mú, ojú mi ń jó bí ẹni pé wọ́n ń fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àmì náà ti fẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ imú, bí omi ṣe ń rìn nínú bébà.

Olùkọ́bìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtọ́jú ilé jókòó tì mí nínú yàrá olùkọ́. Ó ní kí n má bínú, òun ti ń wò mí látọjọ́ tó ti pẹ́. Sọ́nbọ́ọ̀nù ni, ó ní, pé oòrùn ló jó mi lójú, òun náà ti ní i rí. Ó ní obìnrin kan wà ní Ìkòtún tó ń po ìpara, pé ìpara rẹ̀ kì í ṣe eré.

Mo ní mo ti gbọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi ju yàrá ìwẹ̀ lọ. Ó wà nínú ọjà, lẹ́yìn àwọn tó ń ta bàtà. Ike ìpara kún ara ògiri rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé. Obìnrin náà jókòó sáàárín wọn, ó gbé abọ́ fífẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó ń fi ṣíbí onígi ro ìpara inú rẹ̀ bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Ojú òun fúnra rẹ̀ ń tàn bí pupa ẹyin, ṣùgbọ́n ó wọ ìbọ̀wọ́.

“Ta ló ni ojú?” ó bi mí.

“Ìyàwó mi ni.”

Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀. “Ó dáa. Báwo ni tiwọn ṣe rí?”

Mo ṣe àpèjúwe rẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, díẹ̀ níwájú orí, díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń tú nǹkan sínú abọ́, ti inú ike yìí, ti inú ọ̀rá yẹn, ó tẹ túúbù kékeré kan sí i títí túúbù náà fi rún. Mo bi í kí ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn. Ó bù ú sínú ike funfun tí kò ní orúkọ kankan lára.

“Láàárọ̀ àti lálẹ́,” ó ní. “Ẹ ó bá mi kí wọn o. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi kan ibi tí irùngbọ̀n wọn wà, á máa yún wọn.”

N kò lè wò ó lójú. Mo dúpẹ́, mo fi ike náà sínú àpò tí mo fi ń kó bọ́ọ̀lù, mo sì rìn kúrò níbẹ̀ bí olè.

Ìpara náà ṣiṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò pẹ́ rárá tí àmì dúdú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, awọ ojú mi sì rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́. Mo ń jí ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí, n óò lọ síwájú jígí, n óò fi iná fóònù tan ojú mi láti ọ̀tún, n óò tún tàn án láti òsì. Inú mi dùn, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ń fi ike náà pamọ́ síbí lónìí, n óò gbé e lọ sí ibòmíràn lọ́la. Mo ń bẹ̀rù pé yóò tán. Mo lọ ra òmíràn kí èyí tó tán.

Àmọ́ ìpara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àmì àti ojú. Bí ó ṣe ń jẹ àmì náà ló ń jẹ ojú tó yí i ká. Ojú mi ń pọ́n, ọrùn mi àti etí mi dúdú bí wọ́n ṣe wà. Ìléròrò kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í sú sí àgbọ̀n mi. Bí mo bá dúró lóòrùn, ó ń ta mí bí ìgbà tí a bá da ata sójú ọgbẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kò pè mí ní Máàpù mọ́. N kò mọ ohun tí wọ́n ń pè mí, mo kàn ń rí i pé wọ́n ń dákẹ́ bí mo bá dé.

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Iwájú ilé tí a háyà ló ti ń ránṣọ, àwọ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè jókòó ti àpótí òwú títí yóò fi rí èyí tó bá aṣọ oníbàárà mu gẹ́lẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó pè mí wọlé kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ike funfun náà wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, láàárín sísọ́ọ̀sì àti òwú.

“Jókòó,” ó ní.

Láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, “ẹ” ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kódà bí inú bá ń bí i. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi “ìwọ” pè mí. Mo jókòó.

“Mo ti ń wò ẹ́ bọ̀. Ojú ẹ àti ọrùn ẹ kì í ṣe aṣọ kan náà mọ́. Ọkùnrin tó ti bímọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bóra nígbà tí orí ẹ̀ ń hu ewú. Ta lò ń bóra fún?”

Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni.

“Ta ni?”

“Àwọn ọmọ ilé-ìwé,” mo ní, mo sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe burú tó kó tó kúrò lẹ́nu mi tán. Mo yára bẹ̀rẹ̀ àlàyé: Máàpù, ilé ìtọ̀, osùn, ọsàn wẹ́wẹ́, obìnrin Ìkòtún tó ní kí n bá òun kí i. Mo ń sọ ọ́ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ń wò mí. Nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin náà ti ní kí ìyàwó mi má fi kan irùngbọ̀n, ó yí ojú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni.

Lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, kò dáríjì mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ṣí ike náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un dé. “Bí ẹ bá ti sọ fún mi ni,” ó ní. “Ẹ ń jẹ́ kí n máa ro ìròkurò nínú ara mi láti ọjọ́ yìí.” Ó ti padà sí “ẹ”. Mo mọ̀ pé kò ní lé mi jáde.

Ìtìjú mú mi, mo sì jáwọ́ nínú ìpara náà lójijì. Mo rò pé ohun tó dára ni mo ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ojú mi bínú sí mi. Ó wú, ó pupa, ó ń yún mí débi pé n kò lè jókòó fún ìpàdé olùkọ́. Mo dìde, mo jókòó, mo jáde lọ da omi tútù sójú, mo padà wá. Nígbà tí wíwú náà lọ sílẹ̀, àmì dúdú ti padà, ó dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo wọ ìbòmú lọ sí ilé-ìwé, mo ní òtútù ń ṣe mí. Mo fi ìbòmú fọn fèrè títí mo fi rí i pé fèrè kì í gba abẹ́ ìbòmú dún.

Ìyàwó mi ló ní ó tó. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, èyí tí kì í ṣe, ó sì bá mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń wo àrùn awọ ara. Ó fi ike funfun náà sínú ọ̀rá, ó gbé e dání. A jókòó pẹ́. Mo dìde lọ wo ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí lára ògiri, mo kà á tán, mo tún un kà. Ìyàwó mi ní kí n jókòó, pé mò ń da àwọn aláìsàn láàmú.

Dókítà náà kò dàgbà; ó lè jẹ́ àbúrò mi ìkẹyìn. Kò yà á lẹ́nu pé ọkùnrin ni mí. Ó ní ara obìnrin ni irú àmì yìí ti wọ́pọ̀ jù, pàápàá nígbà oyún, àmọ́ kì í fi ọkùnrin sílẹ̀, àgàgà ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú oòrùn. Ó tan iná kan sí ojú mi, ó wò ó pẹ́. Ó ṣí ike náà, ó wo inú rẹ̀.

“Kí ló wà nínú ẹ̀?” ó bi mí.

“Wọn ò sọ fún mi.”

“Èmi náà ò mọ̀,” ó ní. “Àmọ́ bí ojú yín ṣe ṣe, ó jọ pé oògùn tó lágbára ni, irú èyí tí a máa ń fún ẹni tí ara rẹ̀ bá wú, tí wọ́n wá pò pọ̀ mọ́ oògùn tó ń bó àwọ̀. Mákúrì tó jẹ́ májèlé náà lè wà níbẹ̀. Ìyẹn ló fi yára. Ìyẹn náà ló fi yára padà.”

Mo ti to ìbéèrè jọ nínú orí mi láti ilé. Mo bi í nípa iná tí wọ́n ń tàn sí ojú, tí mo rí lórí fóònù. Ó ní lára àwọ̀ dúdú bíi tiwa, ó lè mú kí àmì náà burú sí i, pé kì í ṣe òun ni ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo bi í nípa omi tí wọ́n fi ń ṣí awọ ojú. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, lórí ojú tó yẹ, ṣùgbọ́n ojú tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jóná ni. Ó ní ìpara kan wà tó ń dá àwọ̀ dúdú dúró, tí òun lè fún mi fún ìwọ̀nba oṣù, tí òun yóò máa ṣọ́, lẹ́yìn náà n óò yí sí èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Osùn ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní osùn kì í pa ènìyàn, àmọ́ kí n jìnnà sí ọsàn wẹ́wẹ́.

“Nínú gbogbo wọn,” mo ní, “èwo ló yá jù?”

“Èyí tó yá jù ló gbé yín wá síbí, sà.”

Ìyàwó mi gbá mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Dókítà wá sọ ohun tí n kò fẹ́ gbọ́. Ó ní gbogbo ìpara tí òun bá fún mi, orí ìpara adènà oòrùn ni wọn yóò dúró lé. Bí mo bá fi ìpara àmì pa á lálẹ́, tí oòrùn tún ń kun ún láàárọ̀, mò ń fi agbọ̀n pọn omi ni. Àti pé bó ti wù kó rí, yóò tó oṣù mẹ́ta kí n tó rí ìyàtọ̀ kankan, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpara adènà oòrùn tí mo kọ́kọ́ rà funfun bí ẹfun lójú mi. Ọmọ kan bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá mo fẹ́ ṣe eré orí ìtàgé. Nígbà tí a padà lọ, dókítà ní irú èyí tó ní àwọ̀ bíi ti ara wà, pé òun gan-an ló tún dára jù fún irú àmì yìí. Mo ní àtíkè kọ́ ni n óò wá máa kùn báyìí. Ìyàwó mi mú mi lọ sí ilé ìtajà oògùn, ó di ọwọ́ mi mú níbi ilẹ̀kùn tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ń fi ìpara kán mi lẹ́yìn ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ju orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ṣe máa ń ṣe fún òwú. Èyí tó mú, nígbà tí mo kùn ún, n kò rí i lójú ara mi. Ó tún fi káákì rán akẹtẹ̀ fún mi, etí rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó bo èjìká. Ọ̀gá ilé-ìwé rí mi nínú rẹ̀, ó ní ṣé mo ti di Fúlàní ni. Mo ṣàlàyé fún un, ó sì gbà kí n máa kó àwọn ọmọ lọ sórí pápá ní kùtùkùtù, kí n máa kọ́ wọn ní òfin eré lábẹ́ igi fúrúùtù bí oòrùn bá ti ga.

Gbogbo rẹ̀ dára, àmọ́ sùúrù ni n kò ní. Mo ń ya fọ́tò ojú mi ní àràárọ̀, mo ń fi tòní wé tàná, kò sí ìyàtọ̀. Mo pa gbogbo fọ́tò náà rẹ́ nítorí ìbínú, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya òmíràn.

Àárín ìgbà yẹn ni ìyá mi wá sọ́dọ̀ wa láti wá wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sí ìta, ó ń ṣa ẹ̀wà, oòrùn àárọ̀ sì rọra ń bọ́ sójú rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń fi ìpara pa ojú. Mo kàn ń wò ó ni. Mo wá rí i. Lórí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àmì náà wà níbẹ̀, ó ti pẹ́, ó ti ṣá, etí rẹ̀ rí bíi tèmi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń wo ojú yẹn.

“Mọ́mì,” mo ní, “ìgbà wo lẹ ti ní èyí?”

Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Ìgbà tí mo lóyún ẹ ló yọ.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“Kí n ní kí ni? Ojú mi náà ni.”

“Ṣé osùn mú un kúrò ni?”

“Ṣé o rí i pé ó kúrò?”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ní kí n máa fi osùn pa á?”

Ó ju ẹ̀wà tí kò dára nù. “Ara ẹ ò balẹ̀ lórí fóònù. Mo ní láti fún ẹ ní nǹkan tí wàá máa ṣe.”

Ẹnikẹ́ni lè rò pé ọ̀rọ̀ yẹn tó láti mú ọkàn mi balẹ̀. Ó mú un balẹ̀ ní ọjọ́ yẹn. Ìyá mi padà sílé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí ìpolówó kan lórí fóònù, ojú obìnrin kan kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ àti lẹ́yìn ìtọ́jú, mo sì wà ní Ìyànà Ìpájà kí ọjọ́ tó rọ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn tó polówó náà wà, níbi tí wọ́n ti ń fi omi ṣí awọ ojú. Wọ́n ní kí n jókòó. Orin ń dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, òórùn òdòdó wà níbẹ̀, mo ń mi ẹsẹ̀.

Obìnrin kan tó dàgbà jù mí lọ díẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìborùn bo orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń wo ẹsẹ̀ tí mò ń mì.

“Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ti òun ti pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láìjẹ́ pé mo bi í, lóhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ bó ṣe rin ìrìn àjò. Ìpara àpòpọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí pé gbogbo ìgbà tó bá fi í sílẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń burú sí i. Nígbà tó yá, ìpara náà fúnra rẹ̀ wá ń sọ ọ́ di dúdú. Ó ṣí ìborùn kúrò díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún fún tóótòòtó tó dúdú bí aró, ó le bí ojú àgbàdo tí wọ́n sun. Oríkèé ìka rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n ti fún òun ní abẹ́rẹ́, wọ́n ti ṣí awọ ojú òun lẹ́ẹ̀kan rí, níbòmíràn.

“N ò tiẹ̀ fẹ́ pọ́n mọ́,” ó ní. “Mo kàn fẹ́ kí ojú mi padà sí bó ṣe wà kí n tó bẹ̀rẹ̀.”

“Báwo ló ṣe wà?”

Ó mú fóònù jáde, ó wá fọ́tò àtijọ́ kan títí, ó fi hàn mí. Obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín níwájú ọgbà ilé-ìwé, ó gbé ọmọ dání. Mo wá àmì náà lójú rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó rí i. Kò tó ìdajì tèmi.

Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ní kí n máa bọ̀, pé èmi ló kàn. Mo dìde. Mo ní mo gbàgbé nǹkan kan nísàlẹ̀.

Obìnrin náà tún ìborùn rẹ̀ dè. “Ẹ lọ mú un,” ó ní. Kò wò mí. Ó mọ̀ pé n kò ní padà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn gba orí afárá tí àwọn èrò ń gbà, mo dé òdìkejì kí n tó rántí pé òdìkejì kọ́ ni mo ń lọ. Títí di òní, mo ṣì ń rò ó pé ó yẹ kí n sọ orúkọ ilé ìwòsàn wa fún un. N kò ronú kàn án nígbà náà. Mo kàn fẹ́ kúrò níbẹ̀ ni.

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí. Ó ní kí n fún òun ní fóònù mi. Òun ló ń ya fọ́tò náà láti ìgbà yẹn, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ibi kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í sì jẹ́ kí n wò ó.

Nígbà tí a tún lọ rí dókítà, ìyàwó mi ló fi àwọn fọ́tò náà hàn án. Àwọn méjèèjì tẹ orí sórí fóònù bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Dókítà wo fọ́tò, ó wò mí, ó tún wo fọ́tò. Ó ní ó ti dínkù gan-an, kò tíì lọ tán, ó sì lè má lọ tán. Ó ní ó tó àkókò láti fi ìpara tó le sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lójijì, kí n máa lo èyí tó rọ̀.

Mo sún mọ́ tábìlì. “Tó bá padà wá ńkọ́?”

“Ó lè padà wá,” ó ní. “Bó bá padà, ẹ ó padà wá.”

Ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, n kò sì rí èyí tó dára jù ú lọ láti ìgbà náà. Nígbà tí a jáde, oòrùn ti mú, n kò sì mú akẹtẹ̀ dání. Níbi tí a ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ ní Ìgàndó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri, mo ń wá ibi tí ibòòji wà, mo ń fi fáìlì ilé ìwòsàn bo ojú. Ìyàwó mi di èjìká mi mú lẹ́yìn, bó ṣe máa ń mú oníbàárà tó fẹ́ wọ̀n, ó tì mí sí abẹ́ ibòòji pátákó ìpolówó kan.

“Ẹ dúró síbẹ̀,” ó ní. Mo dúró, títí kẹ̀kẹ́ fi dé.